Ìpè Inú Òjò

Láyí ló ní òun fẹ́ ajá. Ó sunkún, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó búra pé òun ni yóò máa mú wọn rìn láràárọ̀. Ní báyìí ọmọ ti wọ yunifásítì, ó ti bá tirẹ̀ lọ, Moṣọpẹ́ ìyá rẹ̀ ló wá ń jí ní ìdájí nínú òjò ìgbà ìwọ́wé, tí Bingo àti Tọ́fì, ajá méjèèjì, ń wọ́ ọ kiri Becontree ní London. Ẹ ò rí ayé ìyá ọlọ́mọ!

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kó má baà jí Màmá, ìyá tó bí i, tó ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ìgbàgbé ti ń da Màmá láàmú láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rù máa ń ba Moṣọpẹ́ láti fi í sílẹ̀, àmọ́ ajá kò ní pẹ́ tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní ọgbà ìgbafẹ́ Valence Park. Bó ṣe kọjá igbó kékeré tó wà létí omi ló gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwẹ̀ró!"

Ní gbogbo London, ta ló mọ oríkì òun, bí kò ṣe Màmá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ó wẹ̀yìn, òjò nìkan ló rí.

"Àwẹ̀ró o!"

Tọ́fì kọjú sí igbó náà, ó ń jùrù. Moṣọpẹ́ panu mọ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré n'Íjẹ̀bú pé bí wọ́n bá pè ọ́ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ti gbà láti tẹ̀ lé e. Ó pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú ọkàn rẹ̀, ó fi tipátipá fa àwọn ajá wálé.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ẹ̀dì Màmá ṣófo.

"Yéè! Mo gbé!" Ìyá òun ló ń pe òun, òun sì kẹ̀yìn sí i.

Ó sáré padà, àwọn ajá ṣaájú. Ẹ̀yìn igbó yẹn gan-an ni Màmá jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, nínú aṣọ ìsùn, ó tutù bí omi ẹ̀rọ. Moṣọpẹ́ bọ́ kóòtù rẹ̀ bò ó, ó pe áńbúláǹsì, ó bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Mo gbọ́ yín, mi ò dáhùn."

"O ṣeun, ọmọ mi. Bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn." Ojú Màmá mọ́ kedere, bí kò ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Mo kàn ní kí o wá kí ìyá mi ni. Òun ló wá pè mí lójú fèrèsé."

Ọdún tí Moṣọpẹ́ bí Láyí ni wọ́n sin ìyá àgbà tó bí Màmá.

"Màmá, ṣé ẹ dáhùn?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ló pè mí. Ṣé kí n má dáhùn ni?"

Moṣọpẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, ó sì rọ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ Màmá kejì nà sí apá ibi tó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ìka rẹ̀ bí ẹni tó di ọwọ́ ẹnìkan mú. Ibẹ̀ ni Tọ́fì ń wò, tó ń jùrù.