Fèrèsé Lára Àpò Tòmátì

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ aránṣọ, kò sì sí oníbàárà kan tó dá aṣọ padà fún mi pé ó tú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ilé-ìwé tó wà ní ẹ̀yìn ilé wa fún mi ní yàrá kékeré kan pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ mẹ́jọ ní aṣọ rírán ní gbogbo Sátidé. Àbúrò mi obìnrin, tó ń dáná ní ilé-ìwé náà, ní òun á máa kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́: bí a ṣe ń fi iyọ̀ sí ẹja, bí a ṣe ń sá èso sóòrùn. Ọdún kan la fi ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi ìgbà tí ọ̀gá àgbà tuntun dé, obìnrin tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, tó ní òun nílò yàrá náà láti fi kó àga sí.

"Mà, mi ò rí nǹkan tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe níbẹ̀," ló wí. "Lónìí ọ̀sẹ̀ méjì, màá wá wò ó. Tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fi hàn mí, ẹ fi hàn mí. Tí kò bá sí, ẹ má bínú o, a máa gba yàrá wa."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Ṣé kí wọ́n wá fi àga rọ́pò ọmọ mẹ́jọ? Àbúrò mi ní kí a sá tòmátì, nítorí ó ti pọ̀ lọ́jà nígbà náà débi pé ó ń jẹrà. Èmi ní àwọn ọmọ ni yóò rán àpò tí a máa sá a sínú rẹ̀, kí eṣinṣin má baà bà lé e. Mo gé aṣọ òwú tó nípọn fún wọn, mo ní kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì rán an dí pinpin. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń wá lẹ́yìn ilé-ìwé, tí wọ́n ń rán an.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí gbogbo wa ń pè ní Ìbéèrè. Kì í ṣe aláìgbọràn o, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi.

"Màámi, ibo ni atẹ́gùn máa gbà wọ inú ẹ̀?"

"Máa ránṣọ."

"Tí atẹ́gùn ò bá wọlé, ṣé tòmátì yẹn ò ní bu?"

Mo kọ etí ikún sí i. Àpò rírán ni ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi?

Àbúrò mi la tòmátì pẹ̀lú wọn, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó ní kí wọ́n gbé e sóòrùn, ó sì lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò rí àwọn àpò tí mo ní kí wọ́n kó o sí rárá. Ní ọjọ́ kẹrin tí a sá a, òórùn ló pàdé mi lọ́nà. Mo tú àpò kan, ó ti bu, funfun ti bò ó, omi ń ro níbẹ̀. Mo tú èkejì, bákan náà. Nígbà tí mo fi tú ìkẹjọ, ojú ti gbà mí tì. Àwọn ọmọ dúró yí mi ká, ọ̀kan ti ń sunkún, wọ́n rò pé àwọn ló jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn wà lẹ́nu mi: kí n ní wọn kò fọwọ́ dáadáa. Mo gbé e mì.

"Èmi ni mo ṣe é," ni mo wí. "Ìbéèrè bi mí, mi ò dá a lóhùn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Kí la máa ṣe?"

"Ká gé fèrèsé sí i lára, Màámi," ni Ìbéèrè wí. "Ká wá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú ẹ̀."

"Ká gé kí ni?"

"Àpò yẹn. Níwájú àti lẹ́yìn."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Iṣẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi, èyí tí ọmọ inú mi pàápàá kì í fọwọ́ kàn, mo gbé e fún un.

A fi omi gbígbóná fọ àwọn àpò náà, a gé wọn. Nẹ́ẹ̀tì le rán ju aṣọ lọ, ó ń yọ̀, ó sì ń ya. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi òwú mú un mọ́ aṣọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó wá rán an gan-an. Ìbéèrè tú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ráhùn. Tòmátì tuntun wọlé, àwọn ọmọ sì ń yí i padà ní gbogbo àkókò ìsinmi. Nígbà tí ọjọ́ yóò fi pé, ó ti gbẹ, ó pọ́n, ó sì ń ta sánsán.

Ọ̀gá àgbà dé. Ó gbé àpò kan, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀.

"Ta ló ronú kan èyí?"

"Ẹ bi ọmọ yìí," ni mo wí.

Ìbéèrè sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. "Ti àkọ́kọ́ bu, mà. Gbogbo ẹ̀ la dà nù. Màámi ní ká rán an pa, mo bi wọ́n nípa atẹ́gùn, wọn ò dáhùn."

Mo rí àga lójú mi, wọ́n tò ó dé òrùlé.

"Nígbà tó bàjẹ́," ni ọmọ náà ń bá a lọ, "Màámi ní àwọn fúnra wọn ló jẹ̀bi, wọ́n wá gbé sísọ́ọ̀sì wọn fún mi."

Ọ̀gá àgbà wò mí. "Ẹ sọ fún ọmọdé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi tòmátì kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan kúrò nínú ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. "Màá wá ibòmíì kó àga sí, mà."

"Ẹ fún un," ni mo wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Orí mi wú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ọmọ tuntun mẹ́ta jókòó yí Ìbéèrè ká, ó ń fi bí a ṣe ń mú nẹ́ẹ̀tì mọ́ aṣọ hàn wọ́n. Ọ̀kan bi í ní ohun kan, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn. Mo rọra wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ẹ̀kọ́.