Ojú Àtàńpàkò Lára Ìbọn

Wendell Stroh gbé ìbọn náà sún mọ́ iná, ó tún un wò. Àmì náà ṣì wà níbẹ̀: ojú àtàńpàkò kan, tí ìpẹtà ti yà sára irin dúdú, pupa bí erùpẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Wendell gbà pé èékánná ẹni náà ló fà á.

Kò sí ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ní apá Pennsylvania yìí tí kò mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ lásán kan irin ìbọn. Iyọ̀ wà nínú òógùn. Bí o bá fọwọ́ kàn án lónìí, tó bá ṣe díẹ̀, irin á jẹ́rìí sí ọ. Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀. Bí ìpẹtà bá sì ti mú un, a ò gbọdọ̀ kàn máa ha á bó ṣe wù wá, torí àwọ̀ ogbó ara rẹ̀ ni iyì rẹ̀.

Ìbọn yìí sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ológun ló ní kí wọ́n ṣe é láyé ọjọ́un, wọ́n dán an wò, wọ́n ní kò wu àwọn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń ki ọta sí i, ó sì yọ gegele síta níbẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Díẹ̀ péré ló kù láyé. Wendell fẹ́ràn rẹ̀ torí pé wọ́n kọ̀ ọ́. Ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún Duane Hoffer, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí àwọn méjèèjì, pé ọjọ́ tí Duane bá ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Arizona, òun ni yóò gbé e lọ. Òní ni Duane ń bọ̀ wá dágbére.

Ta ló tún lè fọwọ́ kan irin náà bí kò ṣe Duane? Nígbà tí òtútù àyà gbé Wendell dè ní ọsíbítù, ọwọ́ Duane ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìsàlẹ̀ tí àwọn ìbọn wà yìí wà, kó lè máa wò ó bóyá omi òjò wọlé. Kó wò ó ni wọ́n wí, wọn ò ní kó fọwọ́ kan nǹkan. Duane yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-iyọ̀ lọ́jà ìbọn. Bó bá ti ń sún mọ́ tábìlì, olúkálùkù á máa na ìbọ̀wọ́ sí i. Ní ti Arlene, ìyàwó Wendell, ọmọdé ló wà nígbà tí ìbọn pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dẹ àgbọ̀nrín. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́, kì í tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá síbí.

Wendell ti tú ìbọn náà palẹ̀, ó yẹ nọ́ńbà ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bóyá ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ ni Duane gbé e fún. Bóyá ó mú oníbàárà wá wò ó, nígbà tó rò pé Wendell ò ní dìde mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ń bí i, ó sì ń dùn ún.

Nígbà tí Duane dé, ó fi àpótí gígùn kan sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá.

"Ẹ̀yin ará ọ̀run, ẹ kú ilé," ó ní. "Wọ́n ní o ti ń jẹun bí ẹṣin."

Wendell kò rẹ́rìn-ín. Duane ti ń fa ìbọ̀wọ́ yọ lápò.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Kí lo tún ń wọ̀ ọ́ fún?"

"Ṣé o ti gbàgbé ọwọ́ mi ni?"

"Mi ò gbàgbé. Irin náà ò sì gbàgbé." Ó nàka sí àmì náà.

Duane bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, sí ibi tí ẹsẹ̀ Arlene ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú kíṣìnnì lókè orí wọn. Wendell rí ojú tó gbé yẹn. Ojú ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbà sá ló pè é.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ kàn án?"

Duane ti ìbọ̀wọ́ padà sápò. "Tó o bá ní ọwọ́ mi ni, ọwọ́ mi náà ni."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn."

"Òun náà ni mo ní."

"Ta lo gbé e hàn, Duane?"

Ojú Duane fà ro. Ó dé fìlà rẹ̀. "Ṣé ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn? Ó dáa. Bá mi kí Arlene."

Wendell gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wí fún ara rẹ̀ pé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ì bá ti bá òun jà. Ó wá gòkè lọ.

Páì èso ṣẹ́ẹ́rì tí Arlene ṣe fún àlejò wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín.

"Duane ò jẹun kó tó lọ?"

Wendell sún mọ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ wà létí páì náà, níbi tí Arlene ti fi àtàńpàkò tẹ ìyẹ̀fun pọ̀ yíká, bó ṣe máa ń ṣe é. Àwọn ojú àtàńpàkò kéékèèké. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá, àpá ibi tí ìgò fọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún tó ń di èso píìṣì sínú ìgò.

"Arlene, na ọwọ́ rẹ."

Ó kọ́kọ́ fi í pamọ́ sábẹ́ épírọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

"Nígbà tí ibà ń dà ọ́ láàmú ní ọsíbítù, ò ń pariwo pé omi ti wọlé, pé àwọn ìbọn rẹ ń dógùn-ún. O ò pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ni mo bá ní kí Duane ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fi òróró nu gbogbo wọn. Ó dúró tì mí lórí àtẹ̀gùn títí mo fi ṣe tán, torí pé mò ń gbọ̀n. Ta ló sọ fún mi pé ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀?"

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kó o wá máa pè mí sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, wá wo èyí, wá wo tọ̀hún? Mo ní kí Duane búra pé òun ò ní sọ."

Wendell jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí Duane ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣí i. Duane ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù inú rẹ̀ dé ìwọ̀n ìbọn kan ṣoṣo, ó tilẹ̀ gbẹ́ ibi tí gegele ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa wọ̀ sí. Ìbọ̀wọ́ tuntun kan wà nígun rẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ìbọn náà. Ó ti dé àárín àtẹ̀gùn kó tó rántí pé ọwọ́ òun ṣófo, òun ò wọ ìbọ̀wọ́. Kò padà. Ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí, tòun ti àmì pupa náà.

"Arlene," ó ní, "bo páì yẹn, kó o wọ bàtà. Mi ò lè dá kan ilẹ̀kùn Duane."