Fáìlì Tí Olùkọ́ Wa Kò Ní

Inú ń bí mi sí olùkọ́ wa, mi ò sì ní í fi pa mọ́. Òun ló kó fáìlì orí kọ̀ǹpútà wọ ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì wa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kálukú wa ó máa kọ àṣìṣe tó ṣe ní wọ́ọ̀dù sínú tirẹ̀, àti ohun tó kọ́ ọ. La bá sọ olùkọ́ náà ní Olójú-ewé.

Ó ní, "Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Èmi nìkan ni mo máa kà á."

Àwa yòókù gbọ́n. Àṣìṣe tí kò lè pa eṣinṣin là ń kọ: mo gbàgbé ìbọ̀wọ́, mo pẹ́ dé. Ìyá Ìbejì, àgbà inú wa, ló gbà á gbọ́. Ó kọ ọ́ pé òun gbé oògùn aláìsàn kan fún ẹlòmíì, òun sì gbà á padà kó tó dé ẹnu. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kà á, ó sì lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá sì ṣe wọ́ọ̀dù kò lè gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo wàhálà rẹ̀ fẹ́ẹ́ wọgbó nìyẹn.

Àṣé fáìlì náà ti ṣí sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Olójú-ewé kò yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀ ó pè wá jọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ yín. Báwo lẹ ṣe rí fáìlì yìí sí?"

Mo dìde.

"Ẹ ṣí tiyín ká rí i, sà."

"Tèmi bíi ti báwo?"

"Fáìlì tí àṣìṣe tiyín wà nínú ẹ̀."

Kò ní. Ẹni tó ní ká bọ́ra síhòòhò kò tíì tú bọ́tìnnì kan lára ẹ̀wù tirẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ò ń yájú sí mi."

"Mò ń yájú, sà. Ìyá Ìbejì sì wà nílé."

Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ìṣojú wa ló ti ṣí fáìlì tuntun fún ara rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Mo ṣèlérí pé èmi nìkan ni yóò kà á. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin tó gbà mí gbọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Mátírọ́ọ̀nù máa rí i o. Díìnì ẹ̀ka wa náà máa rí i."

"Bó ṣe rí lára tiwa náà nìyẹn. Ẹ fi ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mátírọ́ọ̀nù pe Ìyá Ìbejì padà. Ìyá Ìbejì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olójú-ewé; èmi ò bá a lọ. Lọ́jọ́ Furaidé, ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyá Ìbejì jókòó sí tó ti ń kọ àṣìṣe ọ̀sẹ̀ náà. Ó kọ ọ́ pé òun pẹ́ dé wọ́ọ̀dù.

Òun ló máa ń dé ṣáájú gbogbo wa láràárọ̀.