Eyín Tó Sápamọ́ Sókè Èjí

"Ẹ wò ó, mà. Òun nìyí."

Dókítà fi ìdí bírò kan ojú ẹ̀rọ. Yéjídé na ọrùn. Láàárín gbòǹgbò eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, lókè lọ́hùn-ún nínú eegun, eyín kékeré kan dorí kodò síbẹ̀ bí àdán. Ó funfun, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Yéjídé ti ń gbé ẹnu yìí kiri. Ó ti fi jẹun, ó ti fi bú ẹni tó tó bú, ó ti fi dá ọkọ lóhùn, kò sì mọ̀ rárá pé ẹnìkan ń gbé òkè àjà. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Wọn ò sọ pé ó lè jẹ́ inú ẹnu.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?" Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù aláwọ̀ ewé, tí wọ́n kọ Fàdìlàt sí àyà aṣọ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn, mà. Eyín àlékún ni. Òun ló ń ti àwọn méjì iwájú yìí kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Èjí tí ẹ ní yẹn, òun ló là á."

Ọwọ́ Yéjídé fò lọ sẹ́nu.

Èjí náà! Láti Ìkọ̀tún títí dé Ìgandò, kò sí ibi tí wọn kò ti yìn ín. Adéríbigbé ọkọ rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé èjí lòun kọ́kọ́ rí kóun tó rí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni èjí ti ń fẹ̀. Ó kúrò ní ìwọ̀n òwú, ó di ìwọ̀n igi ìṣáná, ó di ìwọ̀n ìka ọmọdé. Eyín òsì wá ń mì bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà. Ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ jáde, gbogbo "s" rẹ̀ ń súfèé. Àwọn ọmọ náà kọ́ ọ. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń ka "sa, se, si" bí ìkòkò omi tó ń hó. Ọ̀gá ilé ìwé pè é sí kọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ìyàwó Adéríbigbé, ṣé ìwé lẹ ń kọ́ wọn ni àbí fèrè?" Ó fún un lésì tó tọ́ sí i. Nígbà tó délé, ó sunkún.

"Ká ní wọ́n yọ ọ́ nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án," ni dókítà ń wí, "eegun ọmọdé ṣì rọ̀, wáyà ọdún kan ì bá ti tó. Ní báyìí ó ti jẹ gbòǹgbò eyín òsì yìí dé ìdajì. A máa yọ ọ́ kúrò, a ó fi wáyà fa àwọn tó kù súnmọ́ra. Ọdún méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín òsì yẹn…" Ó mi orí. "Mi ò lè ṣèlérí, mà."

"Èjí mi ńkọ́?"

"Ó máa padé. Bí kò bá padé, kò sóhun tó máa di eyín náà mú."

Ó ṣàlàyé pé dókítà tó ń la eegun, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń wá sí ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ́dá yìí. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Bí Yéjídé bá fẹ́, kó padà dé kí aago mẹ́ta tó lù, wọn á yọ èyí tó sápamọ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í so wáyà lónìí kan náà. Àyè mìíràn, ó di oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí. Eyín òsì kò ní dúró dìgbà yẹn.

Ó ń dìde lọ nígbà tí ọmọbìnrin náà tún pè é. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé kò sẹ́ni tó wo ẹnu yín ní kékeré ni?"

Yéjídé gbé àpò rẹ̀. Ó jáde sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró, ó jókòó de fọ́tò eegun tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti hewú, wáyà sì ń dán lẹ́nu rẹ̀ bí páànù tuntun.

"Má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀ jàre, àbúrò," ó ní. "Táyéwò lorúkọ mi, ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Ọmọ mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ tọ́ eyín wọn kó tó kàn mí. Nígbà tèmi, bí eyín rẹ bá wọ́, bàbá rẹ á ní bí ẹbí yín ṣe ń rí nìyẹn."

"Tèmi ò wọ́, sà. Wọ́n fi ń yangàn ni."

Ọkùnrin náà mi orí. "Èyí tó burú jù nìyẹn. Ta ló ń gbé ohun tó fi ń yangàn lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

Yéjídé gba fọ́tò eegun náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó forí lé Ìdímù, ilé bàbá rẹ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó wò ó? Wọ́n wò ó! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àwọn obìnrin aláṣọ funfun wá sí ilé ìwé wọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin lanu. Ọmọ márùn-ún péré ni wọ́n fún níwèé. Yéjídé gbé tiẹ̀ sáré délé. Bàbá kà á lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin, ó ya á sí mẹ́jọ, ó kó o sápò. "Sọ fún wọn pé kò sóhun tó ṣe ọ́." Inú ọmọ náà dùn lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ ló ń sá fún.

Kí èèyàn tó lè mọ ohun tí Bàbá ya, ó ní láti mọ ẹni tí Yéjídé jẹ́ lójú rẹ̀. Àjíṣafẹ́ ni wọ́n ń pe bàbá náà, olùkọ́ tó ti Èkìtì wá sí Èkó. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ọyẹ́. Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin, Bàbá ní ìyá òun ló jí tó dé. Ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì gbà pé ìyá òun padà wá. Ìgbàgbọ́ méjèèjì kò bá ara wọn jà nínú rẹ̀ rí. Kò na Yéjídé lẹ́gba kan, nítorí ta ló ń na ìyá rẹ̀? Nígbà tí eyín wàrà Yéjídé ń yọ, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń ka òkúta wẹ́wẹ́ fún un láti jù sórí òrùlé, tó ń fọwọ́ bò ó lẹ́nu kí alángbá má baà rí àlàfo rẹ̀, nítorí àlàfo tí alángbá bá rí, eyín kì í hù síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí eyín tuntun wá hù, tó hù jìnnà síra, Bàbá jó dé ojú títì. "Ẹ wá wo èjí ìyá mi!"

Ìyá náà kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ẹnu Yéjídé ni fọ́tò.

Nínú kẹ̀kẹ́, Yéjídé ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ó dára. Ó máa sọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Lónìí, kò gbé obì dání.

Bàbá jókòó sí fàráńdà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Yéjídé kò tíì ṣí géètì tán tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Yèyé mi dé! Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ. Rẹ́rìn-ín kí n rí i."

Bó ṣe ń kí i láti kékeré nìyẹn. Yéjídé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná."

"Ohùn rẹ ń ta lára. Adéríbigbé ni àbí?"

"Kì í ṣe Adéríbigbé." Ó na fọ́tò eegun náà sí i. "Ẹ wo ohun tó wà lẹ́nu mi, Bàbá."

Bàbá kò gbà á. Ọwọ́ Yéjídé dúró lófuurufú, ó pẹ́ níbẹ̀, títí tó fi di ìtìjú. "Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?" ni bàbá arúgbó náà wí. "Kí ni àwọn dókítà kì í rí?"

Orí kunkun. Orí kunkun yìí náà ló ya ìwé. Yéjídé ju fọ́tò náà sórí àpótí, ó ní, "Ìwé tí mo gbé wálé ní kíláàsì kẹrin, kí ló dé tí ẹ fi ya á?"

Bàbá wá bọ́tìnnì rédíò kàn, ó pa á.

"O rántí."

"Ẹni tí eyín ń mì lẹ́nu rẹ̀, ṣé ó lè gbàgbé?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fi irin sí ọ lẹ́nu."

"Irin tó máa tún un ṣe ni!"

"Dákẹ́ kí o gbọ́." Kò pariwo. "A kò bí èjí mọ́ ìyá mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n fi irin là á ni, lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mú un lọ ilé ọkọ, nítorí wọ́n ní ìyàwó tí kò pèjí kò lẹ́wà. Obìnrin méjì dì í mú lọ́wọ́, ẹnìkẹta jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ní òórùn eyín òun kò kúrò nímú òun mọ́. Títí tó fi kú, kò lè mu omi tútù. Gbogbo ìlú ń yìn ín, ó ń rẹ́rìn-ín fún wọn. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀."

Yéjídé jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá.

"Ìwọ wá dé. Eyín rẹ là fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò jáde, ẹnikẹ́ni ò dì ọ́ mú. Mo ní, áà, Ọlọ́run ti wẹ̀yìn wò, ó ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan wá kọ̀wé sí mi pé irin." Ó fọwọ́ lu apá àga. "Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Irin kò ní kan ẹnu ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú Yéjídé. Ó lè sọ pé ohun tí a fi irin là kì í bá ènìyàn padà wáyé. Ṣùgbọ́n ó mọ èsì rẹ̀: ṣé àpá tí wọ́n kọ sára àbíkú kì í bá a padà wá ni? Ó lè sọ pé lẹ́nu ọ̀nà ni Bàbá ti ń ṣọ́ olè, olè ti wà lókè àjà tipẹ́. Ó wo ọwọ́ Bàbá tó di rédíò mú. Ta ni yóò bá jà? Ìyá arúgbó tí wọ́n dì mú lẹ́sẹ̀ ni? Àbí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbà á sílẹ̀?

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì ni. Dókítà ń béèrè bóyá ó ń bọ̀, aago méjì ti kọjá.

Yéjídé fi ahọ́n kan eyín òsì. Ó mì.

"Mo ń bọ̀," ó ní. "Ẹ dúró dè mí."

"Ta nìyẹn?" Bàbá béèrè.

"Ilé ìwé ni, sà. Wọ́n ń wá mi." Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún un láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó sì rọrùn ju òtítọ́ tó gbé wá.

"Máa lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ò ṣeé fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹ́rìn-ín ná kí o tó lọ. Láti ìgbà tí o ti dé, mi ò tíì rí ìyá mi."

Ìgbà ìkẹyìn ni. Bó bá di alẹ́, wáyà á ti wà níbẹ̀; bó bá di ọdún méjì, kò ní sí àlàfo kankan mọ́. Yéjídé mọ̀ pé ó yẹ kóun fún un. Ó gbìyànjú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ̀. Omi ló ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó pa ètè méjèèjì pọ̀ pinpin, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí Bàbá má baà gbọ́ ẹkún.

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. Ojú rẹ̀ là bí ojú ọmọdé.

"Òun nìyẹn," ó ní. "Kò yí padà. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ọwọ́ Yéjídé kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú Bàbá. Kì í ṣe òun ni ojú náà ń wò. Òpó fàráńdà ló dojú kọ, níbi tí alángbá kan ti ń mi orí nínú oòrùn. Yéjídé rántí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹ́ lófuurufú pẹ̀lú fọ́tò. Ó rántí ìró bàtà. Kò lè sọ ìgbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, bóyá ọdún yìí ni, bóyá ọdún mẹ́ta.

"O ṣeun, Yèyé mi," Bàbá ní.

"Ẹ ṣé, sà."

Ó rọra mú fọ́tò náà lórí àpótí. Nígbà tó dé géètì, ó yíjú padà. Bàbá ti ń fi ìka wá bọ́tìnnì rédíò kiri. Yéjídé wá rẹ́rìn-ín, ó là á dáadáa, gbogbo èjí náà pátá, afẹ́fẹ́ ọ̀sán sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Alángbá nìkan ló rí i.