Ilé Kan Ṣoṣo Tí Gbóyèga Kì í Kí

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Òwe yìí ni Àpínkẹ́ ń rò lọ rò bọ̀ láti ọjọ́ tí Suwebat, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Èsìẹ́, ti sọ òkò ọ̀rọ̀ kan sí i láyà.

"Ìyá Ìmísí, ẹ má bínú o," ni Suwebat wí, abẹ́rẹ́ ṣì wà létè rẹ̀. "Bí mo bá ti ń ṣe àlùwàlá sùbúhì ni ọkọ yín máa ń sáré kọjá. Á kí mi, á kí bàbá ọlọ́dẹ, ewúrẹ́ pàápàá, díẹ̀ ló kù kó kí i! Àmọ́ bó bá ti kan ilé Nọ́ọ̀sì Lucy, á dákẹ́ lọ́lọ́, á dorí kodò bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò."

"Bóyá kò rí i ni."

"Kò rí kí ni? Obìnrin náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìró láyà, ó ń wò ó títí táá fi pọ́n òkè! Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Àpínkẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni ẹ̀rín náà mọ. Nílẹ̀ tiwa, ẹni tí a kò bá kí, ọ̀tá ẹni ni, tàbí àṣírí ẹni. Gbóyèga kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá rí ní Òmù-Àrán.

Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí ìjọ wọn fẹ́ sá láti fi wá owó fún yàrá ìgbẹ̀bí ló bí gbogbo rẹ̀. Gbóyèga, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló kọ́kọ́ fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Pásítọ̀ pe àwọn tó máa sá eré náà wá síwájú pẹpẹ, ó fi òróró yan ẹsẹ̀ wọn, ìjọ sì ké àmín tó mi páànù. Àpínkẹ́ fúnra rẹ̀ fò sókè, ó ń ki ọkọ rẹ̀: "Àkàngbé, ọmọ ogbó mọ̀nà, afẹsẹ̀-ire-tẹlẹ̀, ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀!"

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Gbóyèga bá ti ibi ìdánrawò dé, á máa ròyìn ọ̀nà bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ìròyìn gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń kọjú sógiri sùn. Lọ́jọ́ kan fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì, Àpínkẹ́ yọjú, ó rí "Lucy" gàdàgbà. Gbóyèga sáré pa fóònù náà.

Páńsá kò fura, páńsá jáná. Àjà kò fura, àjà jìn. Àpínkẹ́ fura.

"Bàbá Ìmísí, ta lẹ rí lọ́nà lónìí?"

"Ènìyàn."

"Ènìyàn wo?"

"Àpínkẹ́, ṣé ọlọ́pàá ti gbà ọ́ síṣẹ́ ni?"

Àpínkẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà pé, "Ìwọ tí o rí ìkọ̀kọ̀, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ohun tí ojú mi ò ní gbà." Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró de ìdáhùn. Bí Gbóyèga ṣe jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà Sódìq, ó ní kó gbé òun lọ sílé Nọ́ọ̀sì.

Lóòótọ́, Lucy dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà lórí òkè tí Gbóyèga ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n kọjá. Bó ṣe rí Àpínkẹ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má kúnlẹ̀ fún mi. Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọkọ mi?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Ilé tí ọkọ mi ò lè kí, kí ni n óò wọ̀ ọ́ ṣe?"

Lucy mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa, a kì í tú u síta, mà. Àmọ́ ẹ bi dádì léèrè, kí ni mo wé mọ́ wọn lápá, tí mo tú, tí mo tún un wé? Ẹ bi wọ́n, oògùn tí wọ́n gbà dà? Mi ò dúró de ọkọ ọlọ́kọ níbí. Mò ń wò ó bóyá wọ́n á pọ́n òkè yẹn tán láìṣubú ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, mà," ni Lucy wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ ọ́.

Owú dìde lórí àpótí, ẹ̀rù jókòó síbẹ̀. Ohun tó gbé ẹ̀gbọ́n Gbóyèga lọ lóko iṣu nìyẹn: ó kọ ebè kan, kò kọ èkejì.

"Sódìq, ṣíná!"

Lẹ́yìn òkè ni wọ́n bá Gbóyèga, ó jókòó sórí afárá kékeré kan, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

"Mo kàn ń sinmi ni."

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n ń fi láyà sinmi?"

Gbóyèga wò ó, ó mọ̀ pé àṣírí ti tú. "Lucy sọ fún ọ?"

"Ojú rẹ̀ ló sọ. Ẹnu tiyín ńkọ́?"

"Àpínkẹ́, wọ́n ti fi òróró yan ẹsẹ̀ mi níwájú ìjọ. Báwo ni n óò ṣe padà lọ wí pé ẹ̀rọ kékeré kan ní n má sáré? Wọ́n á ní n ò nígbàgbọ́. Mo tiẹ̀ rò pé bí mo bá gbé oògùn yẹn mì, mo ti sẹ́ àdúrà."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n yan. Ta ló fi òróró yan àyà yín?"

Ẹ̀rín gbọn Sódìq, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àwọn aboyún tí à ń torí wọn sáré ńkọ́?" ni Gbóyèga bi í.

"Ṣé opó lẹ fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ? Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á dìde láàárín ẹgbẹ́ obìnrin, màá sì fi orin gbé e kalẹ̀!"

Gbóyèga fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí kò jẹ́. Ó gun ọ̀kadà, Àpínkẹ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ilé ni àbí, mà?" ni Sódìq bi í.

"Ilé ìwòsàn."

"Ó ti lọ, Àpínkẹ́. Ara mi ti le."

Àpínkẹ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tí òógùn ti mú tutù, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí nǹkan ti ń lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Níbi tí kòtò bá ti mú kí Sódìq rọra, á tún ọwọ́ náà tẹ̀ mọ́ ọn, á di èémí tirẹ̀ mú, á máa gbọ́ ọ.