Jẹ́sì Dúdú Méjìlélógún

"Àwọ̀ ọsàn kọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀, Bánjọ," Alága wí, ó sì fi ìka kan ṣoṣo ti jẹ́sì aláwọ̀ ọsàn tí Bánjọ mú wá padà sí apá kejì tábìlì. "Ìyá ọmọ ní aṣọ dúdú tí ọmọ òun wọ̀ jáde ni kí a wọ̀. Kí ló tún kù tí à ń jíròrò?"

Iwájú ilé Festus ní Jahi ni àwọn mẹ́ta náà jókòó sí. Igbákejì olùdarí ni Festus ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, òun sì ni alága ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Hadassah, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni akọ̀wé. Bánjọ ni alábòójútó aṣọ. Bí aṣọ ẹgbẹ́ bá dára, òun ni wọ́n ń yìn.

"Kí a wọ dúdú nínú ṣọ́ọ̀ṣì," Bánjọ wí, "ṣùgbọ́n kí a wọ ti ọsàn yìí lójú títì. Aago márùn-ún ààbọ̀ ní Sátidé ni màmá fẹ́ kí a gun kẹ̀kẹ́ gbéra lọ síbi ìsìn ìrántí ọmọ wọn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà náà."

"Aago tí Káyọ̀dé jáde nílé lọ́jọ́ tó kú ni, ẹ̀gbọ́n," Hadassah dá a lóhùn. "Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú. Wọ́n ní àwọn ò sí níbi ìsìnkú, torí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ṣé kí àwọn má tún rí èyí tí àwọn lè rí ni?"

"O gbọ́?" Festus wí. "Jẹ́ kí n tún sọ òótọ́ fún ọ. Bí àwọn ará Maitama bá rí ènìyàn méjìlélógún nínú aṣọ báyìí, wọ́n á ní ìjọba ti gba agbálẹ̀ títì tuntun, wọ́n sì ti ra kẹ̀kẹ́ fún wọn."

Hadassah rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Bánjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ àwàdà náà rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan aṣọ ẹgbẹ́, Festus sọ ọ́ lórí àga kan náà, Bánjọ ló sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Òun náà ló mú àpẹẹrẹ dúdú jáde. Ó ní dúdú kì í jẹ́ kí epo ṣéènì hàn, kì í sì í jẹ́ kí ikùn àgbàlagbà yọ. Ó fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú kan sí apá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ronú lórí ìlà yẹn. Kò fi ìṣẹ́jú kan ronú lórí òkùnkùn.

"Bí o bá lè yí màmá lọ́kàn padà, mi ò ní janpata," Festus wí bó ṣe ń dìde. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ."

Ohun tí Bánjọ rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn kò ṣòro láti sọ. Ó dúró lẹ́bàá títì láti so okùn bàtà rẹ̀, Káyọ̀dé sì lọ síwájú. Obìnrin agbálẹ̀ kan wà létí títì níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tí ìjọba fún wọn. Káyọ̀dé yà fún un. Mọ́tò kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Iná rẹ̀ bá ẹ̀wù obìnrin náà, awakọ̀ sì yà fún un pẹ̀lú. Ibi tó yà sí ni Káyọ̀dé wà. Nígbà tí awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló ń tún sọ: "Mi ò rí i. Obìnrin yẹn ni mo rí."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Bánjọ fi jẹ́sì ọsàn náà sínú ọ̀rá, ó sì wa ọkọ̀ lọ sí Apo. Ìyá Káyọ̀dé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun àti Káyọ̀dé nìkan ló jọ ń gbé inú ilé náà tẹ́lẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," ó wí. "Ó yẹ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́."

Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé jẹ́sì dúdú kan jáde. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé e láti ọrùn dé ìdí ní ọsibítù. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fi òwú dúdú rán an padà, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé ibi tí mo rán hàn?"

"Kò hàn rárá, mà."

"Dídára aṣọ dúdú nìyẹn." Ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀. "Ọjọ́ tó gbé e wálé, ó wọ̀ ọ́ jẹun alẹ́. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ wo bó ṣe bá mi mu. Bùrọ̀dá Bánjọ mọ aṣọ yàn.' Mo bú u pé kó lọ bọ́ ọ kí ọbẹ̀ má ta sí i. Ó ní kò lè hàn."

Bánjọ di ọ̀rá náà mú láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mà, nípa ti Sátidé," ó bẹ̀rẹ̀.

"Dúró ná. Ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin náà sọ fún ọlọ́pàá? Ó ní òun kò rí i. Ọmọ tó ga tó ilẹ̀kùn yìí. Ó rí agbálẹ̀, kò rí ọmọ mi." Kò gbé ohùn sókè. "Ìwọ wà níbẹ̀, Bánjọ. Ṣé irọ́ kọ́ ló ń pa?"

Ọ̀rọ̀ tí Bánjọ gbé wá ti dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tó wá jẹ́rìí fún awakọ̀ náà nínú ilé ọ̀fọ̀. Yóò sì tún sọ fún ìyá yìí pé aṣọ tó wà lórí orúnkún rẹ̀, tó fi ojú tó ń ṣàárẹ̀ rán, ni awakọ̀ kò fi rí ọmọ rẹ̀.

"Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, mà," ó wí.

"Mọ́tò náà kò níná ni?"

"Ó níná, mà."

"Ẹ̀ẹ́n." Ó ká jẹ́sì náà. "Mo dúpẹ́ pé ẹ máa wọ̀ ọ́. Tìrẹ ni mo máa kọ́kọ́ wò."

Bánjọ dọ̀bálẹ̀, ó sì jáde. Ọ̀rá náà kò ṣí.

Ní Sátidé, ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti tò síwájú ilé Ìyá Káyọ̀dé, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí kẹ̀kẹ́. Iná ìjọba ti lọ ládùúgbò. Bánjọ ló dé gbẹ̀yìn. Ó ti wọ jẹ́sì ọsàn lé ti dúdú lórí.

"Bọ́ ọ," Festus sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má dójú tì wá níwájú ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀."

"Ẹ̀yìn ni mo máa wà, Alága. Èmi ni iná mọ́tò á kọ́kọ́ bá."

"Mo ní bọ́ ọ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Káyọ̀dé jáde sórí àtẹ̀gùn, áńkáṣífù funfun lọ́wọ́ kan, fóònù tó tan iná rẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Áńkáṣífù náà ni yóò fì kí wọ́n lè gbéra. Ó gbé iná síwájú, ó sì wo ọ̀nà títí.

"Bánjọ," ó pè, "ṣé ìwọ nìkan lo wá? Àwọn yòókù dà?"

Kẹ̀kẹ́ kan dún díẹ̀.

"Àwa rèé, mà," Hadassah wí láti inú òkùnkùn. "A wà níwájú yín."

Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan. Ó yí iná náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì dá a padà sára Bánjọ. Ọwọ́ tó mú áńkáṣífù kò gòkè.

"Báyìí ló ṣe rí lọ́jọ́ náà?" ìyá náà bi í.

"Báyìí ni, mà."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rọra pa iná fóònù, ó sì gbé áńkáṣífù lé orúnkún.

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́," ó wí.

Wọ́n dúró. Ojú ọ̀run ń funfun díẹ̀díẹ̀ lápá ìlà oòrùn, ìyá náà kò sì gbójú kúrò níwájú, bí àwọn jẹ́sì dúdú náà ṣe ń yọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.