Tàdáwà Tó Sùn Mọ́jú

Ẹni tó bá ní Nùsírátù ò mọ iṣẹ́ ṣe, irọ́ ló ń pa. Ìmọ́tótó àpọ̀jù ló fẹ́ kó bá a. Ilé àwòrán kan ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, ló ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, bẹ́ẹ̀ Al Muteena ni bedspace rẹ̀, ibùsùn tó háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé, wà. Kọ́ntíráàtì rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ parí, máníjà sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún ṣe àṣìṣe kan péré, khalas, ó parí nìyẹn, kó máa lọ sílé. Ta ló fẹ́ padà sí Ìwó lọ́wọ́ òfo?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá Kinuko, àgbà ayàwòrán láti Japan, fẹ́ yàwòrán níwájú èrò. Búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn ni ìyá yìí ń lò, pẹ̀lú bébà ńlá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Tàdáwà rẹ̀ kì í ṣe ti inú ìgò o. Ọ̀pá dúdú tó le ni, wọ́n á máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Màmá ti lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nùsírátù bá tàdáwà náà lórí òkúta. Ọmọ ilé-kéú ni. Alfa rẹ̀ kì í gbà kí wàláà tí wọ́n kọ kéú sí sùn láìfọ̀. Bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́, ibi tí ẹsẹ̀ ò ní tẹ omi rẹ̀ ni wọ́n máa ń dà á sí. Ló bá fọ òkúta títí ó fi ń dán, ó rọra da omi dúdú náà sídìí igi dàbínù ẹ̀yìnkùlé. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ńṣe ni Màmá mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi tàdáwà sílẹ̀, torí èyí tó bá sùn mọ́jú máa ń tàn lórí bébà lọ́nà tí tuntun kì í gbà tàn. Máníjà rí òkúta, ó figbe ta. Nùsírátù ò purọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fẹkún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wàláà. Máníjà ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Màmá Kinuko kàn béèrè ibi tó da omi náà sí. Nígbà tó gbọ́ pé ìdí igi ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó yíjú sí Nùsírátù. Ó wá na ọ̀pá tàdáwà tuntun sí i.

"Jókòó, ọmọ mi. Lọ̀ ọ́. Má kánjú."

Ó lọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí èrò pé, Màmá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì fà á. Háà, ẹ wo ọwọ́! Dúdú náà já lọ gbọọrọ, ó fẹ́lẹ́ níbi tí omi pọ̀ sí, ó di kùrukùru orí òkè. Kò sí ìparẹ́ níbẹ̀, kò sí àtúnṣe, arúgbó yìí ò sì gbọ̀n. Nùsírátù gbàgbé ẹrù tó fẹ́ lọ kó.

Màmá tẹ òǹtẹ̀ pupa rẹ̀, tó dúró fún ìbuwọ́lùwé rẹ̀, sí igun bébà. Ló bá di ọwọ́ Nùsírátù mú, ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú àwọ̀ pupa náà, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, wọ́n ti tẹ ìka rẹ̀ fún visa, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún Emirates ID, kò sunkún rí. Ti òní yìí mú un sunkún.

Obìnrin kan láàárín èrò béèrè ẹni tó ni ìka náà. Gbogbo wọn kọjú sí máníjà. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Òṣìṣẹ́ wa ni," ló wí.